Níbi tí télọ̀ ti ń na olówó Èkó: ìdí ọpọ́n ayò n'Íjẹ̀bú-Òde rèé o

Ẹni tó bá gbéra l'Ékòó láàárọ̀, tó gba Ṣágámù kọjá, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ò sì dá a dúró, kò ní í pẹ́ wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Gaàrí àti ìkọ́kọrẹ́ làlejò máa ń kọ́kọ́ bèèrè, ìyẹn ò sì burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí ọmọ Ìjẹ̀bú jẹ́, kó fẹsẹ̀ rìn wọ àárín ìlú nírọ̀lẹ́, kó máa wo abẹ́ igi àti iwájú ṣọ́ọ̀bù. Bó bá rí àwọn bàbá kan tí wọ́n pagbo, tí ariwo ń sọ lálá, kó má rò pé ìjà ni. Ayò ni wọ́n ń ta.

Béèyàn bá dé ibẹ̀, kì í ṣe "ẹ kú ìrọ̀lẹ́" lásán ló máa sọ. Ohun tó máa sọ ni pé, "Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ̀!" Wọ́n á sì dá a lóhùn pé, "Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ̀ ò gbọdọ̀ fọhùn!" Ọ̀ta lẹni tó mọ ayò dunjú. Ọ̀pẹ̀ lẹni tí wọ́n ń fojoojúmọ́ nà, tí kò sì yéé padà wá.

Àsìkò Iléyá gan-an lọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn jù. Gbogbo ayé ló mọ Ojúde Ọba tí wọ́n ń ṣe ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tí àwọn regbẹ́regbẹ́ á wọ aṣọ olówó ńlá, tí àwọn ìdílé Balógun á gun ẹṣin wá kí Awùjalẹ̀. Nígbà ayé Ọba Síkírù Adétọ̀nà, tó wà lórí ìtẹ́ láti 1960 títí tó fi wàjà lóṣù keje, 2025, òkìkí ọjọ́ náà kàn kọjá Nàìjíríà. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà l'Ékòó, tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, gbogbo wọn ló ń wálé. Bí ayẹyẹ bá parí tán, tí wọ́n bọ́ agbádá sílẹ̀, ìdí ọpọ́n ló kù.

Ibẹ̀ ni nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó gbé jíìpù wálé lè jókòó ṣojú télọ̀ tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n léèrè iye tó wà ní báńkì. Ilé mẹ́fà ni olówó ní lójú ọpọ́n, ilé mẹ́fà náà ni télọ̀ ní. Ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin ló wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 48. Àwọn ọmọ ayò yìí, èso igi ẹlẹ́gùn-ún kan ni, ó rí roboto, àwọ̀ eérú ni, ó sì le bí òkúta.

Bí wọ́n ṣe ń ta á rèé. Ẹni tó kàn á kó gbogbo ọmọ inú ilé kan lápá tiẹ̀, á máa jù ú sínú àwọn ilé tó tẹ̀ lé e, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, láti òsì lọ sí ọ̀tún, á sì yípo wọ ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Bí ọmọ tó jù kẹ́yìn bá bọ́ sílé ẹnì kejì, tó sọ ibẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ ẹ́ nìyẹn. Bí ilé tó ṣáájú ìyẹn náà bá ti di méjì tàbí mẹ́ta, á kó o mọ́ ọn, á máa bọ̀ lẹ́yìn bẹ́ẹ̀ títí ó fi máa kan ilé tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé télọ̀ ní ọmọ mẹ́ta nínú ilé tó gbẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ilé mẹ́ta tó kọjú sí i níwájú, méjì, ọ̀kan àti méjì ló wà níbẹ̀. Bó bá ta mẹ́ta yẹn, wọ́n á di mẹ́ta, méjì àti mẹ́ta. Mẹ́jọ ló jẹ lẹ́ẹ̀kan náà yẹn! Ariwo tó máa sọ lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó wà ládùúgbò kejì á gbọ́.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ ní 25 ló borí. Bó bá di 24 sí 24, ọ̀mì ni. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀ta fi máa ń kó odù, ìyẹn ni pé wọ́n á fi ọmọ púpọ̀ pamọ́ sínú ilé kan títí dìgbà tí kò sẹ́ni tó ń fojú sí i mọ́. Bí odù náà bá tó méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, á yí ọpọ́n po, á fo ilé tó ti gbéra, á sì tún wọ ọ̀dọ̀ ẹnì kejì lẹ́ẹ̀kejì.

Ìṣirò ni gbogbo ẹ̀, àwọn Ìjẹ̀bú sì ti ń ṣírò tipẹ́. Kí Òyìnbó tó bá wọn jà n'Ímàgbọn lọ́dún 1892, ọwọ́ wọn lọ̀nà ọjà láti etí ọ̀sà lọ sókè wà, kò sẹ́ni tó ń kọjá níbẹ̀ láìgbàṣẹ.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà nínú ayò tí ìṣirò ò lè yẹ̀. Bí ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ẹnì kejì bá ṣófo, ẹni tó ní ọmọ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ta èyí tó máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bó bá ṣeé ṣe. Bó wù ú, bí kò wù ú, ó gbọ́dọ̀ bọ́ ọ. Olówó Èkó lè máa lọ́ra, kó máa họrí, àwọn tó wà nídùúró á kígbe lé e lórí pé, "Ẹ bọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n! Ebi ń pa á!" Bó bá sì bọ́ ọ tán, ọmọ tó fún un yẹn náà lè padà wá jẹ ẹ́. Ohun tó dùn níbẹ̀ nìyẹn.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni wọ́n ti mọ ayò. Ní Gánà, oware ni wọ́n ń pè é. Àwọn ẹrú gbé e dé Antigua, warri lorúkọ ẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dún 2002, John Romein àti Henri Bal, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì kan ní Amsterdam, kó kọ̀ǹpútà jọ láti yẹ oríṣi kan tí wọ́n ń pè ní awari wò. Ọ̀nà tí ọmọ lè gbà wà lójú ọpọ́n lé ní bílíọ̀nù 889. Àbọ̀ tí kọ̀ǹpútà jẹ́ ni pé bí ẹni méjèèjì ò bá ṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni. Bí ẹnì kan bá borí, àṣìṣe ẹnì kejì ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń lọ síbi Ojúde Ọba tó ń bọ̀, ẹ fi ìrọ̀lẹ́ kan sílẹ̀ fún ìdí ọpọ́n. Ẹ kí ọ̀ta, ẹ kí ọ̀pẹ̀, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dúró wòran. Bí wọ́n bá sì nà yín, ẹ má bínú. Ẹ dìde kí ẹlòmíì jókòó, torí ẹni tí wọ́n bá nà ló ń fi ìjókòó sílẹ̀, ì báà jẹ́ òun ló ni jíìpù tí wọ́n páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi.