Ìkarahun inú Àpò

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ta ni nínú yín tí ó lè sá fún ìgbín? Èmi náà kò jẹ́ sá fún un. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, àbúrò bàbá mi, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, fún mi ní ìkarahun kan. Ó fúyẹ́, ó funfun, àwọ̀ pupa rúsúrúsú sì ta sí i lára bí àwọ̀n apẹja. Etí òkun Filipíìnì ni wọ́n ti mú un láàyè, tí wọ́n sì sọ ọ́ sínú àpò ṣòkòtò. Ìtàn yìí a máa pa wá lẹ́rìn-ín, nítorí omi ara ìgbín náà rin ṣòkòtò wọn gbingbin.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ orúkọ ohun tí mo fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ lórí tábìlì: Conus geographus. Ẹja ni ìgbín òkun yìí ń jẹ. Ẹ rò ó wò: ìgbín, ẹja! Lóru, yóò tú insulínì sínú omi, irú èyí tí ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù. Ara ẹja tí ó wà nítòsí yóò rọ̀, kò ní lè sá mọ́. Ìgbín yóò ya ẹnu bò ó bí àpò, yóò sì fi eyín kan ṣoṣo gún un, eyín tí ó rí bí ọ̀kọ̀ oníhò, tí oró ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Oró náà kò mọ ẹja yàtọ̀ sí ènìyàn. Rumphius, ará Jámánì, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1705 pé ẹrúbìnrin kan ní Banda, ní Indonéṣíà, mú irú ìgbín bẹ́ẹ̀ kan nínú omi níbi tí wọ́n ti ń fa àwọ̀n. Bí ó ti ń rìn lọ sí etí omi, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un díẹ̀. Yíyún náà gun apá, ó gba gbogbo ara, obìnrin náà sì kú. Títí di òní, kò sí oògùn tí ń pa oró yìí. Àwọn dókítà kàn lè ran aláìsàn lọ́wọ́ láti máa mí títí oró yóò fi rọlẹ̀ ni.

Síbẹ̀, láti inú oró ìbátan rẹ̀, Conus magus, ni a ti rí ziconotide, oògùn ìrora líle tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2004. Èmi kò lè pe ìgbín náà ní ìkà. Oúnjẹ rẹ̀ ni ó ń wá. Àwa ni a ń nawọ́ sí i.

Mo mú ìkarahun náà lọ bá àbúrò bàbá mi, mo sì ka gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ti darúgbó. Mo rò pé wọn yóò rẹ́rìn-ín. Wọ́n yí ìkarahun náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé itan.

“Ọmọ mi,” ni wọ́n wí, “ibí yìí ni ó wà títí mo fi dé ọkọ̀. Kí ló dé tí kò ta mí?”

Èmi kò ní èsì.