Ṣé Ká Gbé Táàpù Omi Híhó Sílé?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kò sí lórí pẹpẹ, inú ilé ìdáná ló wà. Tọkọtaya kan nínú ìjọ wa tí wọ́n ti ṣí lọ sí ìlú òyìnbó ní àwọn fẹ́ ra ẹ̀bùn kan fún ilé pásítọ̀: táàpù tí omi híhó ń jáde nínú rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, mi ò sọ pé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí a fi ń wẹ̀. Omi tó hó ni mò ń wí, èyí tí èèyàn lè fi tẹ ẹ̀bà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní ká ṣáà ti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn á fi ránṣẹ́.

Ó gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ká tó fún wọn lésì. Mo ń kọ ọ́ síbí nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe ilé wa nìkan ni ìbéèrè yìí máa dé. Àwọn tó ń kọ́lé tuntun níhà Ekpan àti Ugbomro ń fẹ́ ilé ìdáná bí èyí tí wọ́n rí lórí fóònù. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èmi náà rò pé ilé ló yẹ ká wò ká tó gbé ẹ̀rọ wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ̀rọ náà jẹ́. Ní ọdún 1970, ará ilẹ̀ Netherlands kan tó ń jẹ́ Henri Peteri ń ṣiṣẹ́ ní Unilever, ilé-iṣẹ́ tí àwọn òbí wa mọ̀ sí Lever Brothers, àwọn tó máa ń ta Omo fún wa tẹ́lẹ̀. Ọbẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, irú èyí tí èèyàn máa da omi gbígbóná lé, tó sì máa di jíjẹ kíákíá. Peteri wá rò ó pé ọbẹ̀ ti yá o, ṣùgbọ́n omi tí a máa dà lé e ṣì ń pẹ́. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ náà nínú ilé ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni Quooker ti bẹ̀rẹ̀. Lónìí, oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́ ló ń ṣe irú rẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Tánkì kékeré kan máa ń wà lábẹ́ síńkì. Iná á mú omi inú rẹ̀ gbóná kọjá 100°C, ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n dé e pa, tí agbára omi sì ń tì í láti ẹ̀yìn, kò ráyè hó. Ìgbà tí ẹ bá ṣí táàpù ló máa bọ́ síta, tí á sì máa hó bó ṣe ń jáde. Ohun tí kì í jẹ́ kó tutù ni pé ògiri tánkì náà jẹ́ méjì, wọ́n sì ti fa afẹ́fẹ́ àárín wọn kúrò. Ẹ̀yin tí ẹ ní fúláàsì nílé, ohun kan náà ni. James Dewar, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Scotland, ló ṣe irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ ní 1892. Ní 1904, àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lábẹ́ orúkọ Thermos. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà sórí rẹ̀.

Kí ló dé tó fi wù wá? Ẹ wo ilé wa. Màmá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa, wọ́n ti lé ní ọdún 78, ọwọ́ wọn sì ń gbọ̀n. Aago márùn-ún àárọ̀ ni wọ́n máa ń jí gbàdúrà, wọ́n á sì fẹ́ mu omi gbígbóná díẹ̀ kí wọ́n tó lo oògùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ògì. Lẹ́yìn ògì, omi ìwẹ̀ wọn. Tíì àwọn ọmọ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ilé pásítọ̀ kì í ṣófo, àlejò á dé lọ́sàn-án, ẹ̀bà nìyẹn. Tó bá dalẹ́, ẹ̀bà tàbí àmàlà tún ni. Ìyàwó mi kà á lọ́jọ́ kan: ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló gbé omi kaná láti àárọ̀ títí a fi sùn.

Ní ti màmá, kì í ṣe omi gan-an ló ń dùn wọ́n. Wọn ò fẹ́ máa jí ẹnikẹ́ni ni. Wọ́n ní, "Èmi tí mo gbé omi ìwẹ̀ kaná fún ọmọ mẹ́fà, ṣé omi ife kan ni kí n wá máa pe èèyàn sí láàárọ̀ kùtù?" Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé táàpù kan wà tó ń sun omi híhó, ojú wọn là. Ẹ rí i báyìí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìkan ló wà nílẹ̀.

Owó iná ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Torí náà mo jókòó ṣírò, gẹ́gẹ́ bí Olúwa wa ti fi ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ kọ́ wa. Kí omi lítà kan tó kúrò ní 27°C dé 100°C, iná tó máa jẹ jẹ́ nǹkan bíi unit 0.085. Èyí túmọ̀ sí pé lítà 12 máa jẹ unit kan, bóyá kó lé díẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC gbé owó unit kan sókè sí náírà 225 fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí iná wà lọ́dọ̀ wọn fún wákàtí 20 lójúmọ́, ó kéré tán. Wọ́n ti yí i padà láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi 225 yẹn ṣírò. Lítà 12 lójúmọ́ á jẹ́ nǹkan bíi náírà 230. Kẹ́tùlù ni o, táàpù ni o, iye yẹn náà ni, torí omi ò mọ ohun tó ń sè é.

Ohun tí táàpù fi lé ni iná tó ń jẹ láti máa mú omi gbóná nígbà tí ẹnikẹ́ni ò lò ó. Àwọn tó ń ṣe èyí tó dára ní kò ju wáàtì 10 lọ. Fún wákàtí 24, unit 0.24 nìyẹn, náírà 54 lójúmọ́, nǹkan bíi 1,600 lóṣù. Kẹ́tùlù náà sì ní ìfiṣòfò tirẹ̀: omi ife kan la fẹ́, omi ife mẹ́rin la gbé kaná. Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ kí owó iná jẹ́ ìdí tí mo máa fi kọ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò ò gbè mí. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló wọ́n. Ní Britain, èyí tó dára lè ju ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn lọ.

Omi ni ọ̀rọ̀ tó le jù. Omi London jẹ́ omi líle, ẹfun ló máa ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùlù wọn. Tiwa ní Warri, ìrin ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ẹ fa omi látinú borehole, ó mọ́ gaara, tó bá di ọjọ́ kejì ó ti pọ́n bíi tíì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn akọrin wa ohun tí omi yìí fi ojú aṣọ funfun wọn rí. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé bí ìrin inú lítà omi kan bá ti ju miligíráàmù 0.3 lọ, ó lè kó àbàwọ́n bá aṣọ. Iná tún máa ń mú kí ìrin náà tètè dípẹtà, kó sì sílẹ̀. Nínú ìkòkò, ẹ máa rí i, ẹ ó sì fọ̀ ọ́. Nínú tánkì tí wọ́n dé pa lábẹ́ síńkì, ta ló máa rí i?

Agbára omi tún wà níbẹ̀. Ìwé tó tẹ̀lé ẹ̀rọ náà ní omi gbọ́dọ̀ máa fi agbára tó ju bar kan lọ wọlé. Kí tánkì tó lè fún èèyàn ní bar kan, ó ní láti ga tó nǹkan bíi mítà 10. Òpó tánkì wa ò tó mítà 4. A máa nílò ẹ̀rọ tó ń ti omi, àti àsẹ́ ìrin, kí táàpù tó sọ̀rọ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ púlọ́ńbà mẹ́ta láàárín Enerhen àti Igbudu. Kò sí èyí tó ti fọwọ́ kan irú rẹ̀ rí. Ọ̀kan ní, "Pastor, I never see am before, but I go manage am." "Manage" yẹn gan-an ló já mi láyà. Omi tó ju 100°C lọ kì í ṣe ohun tí à ń manage.

Ẹ má rò pé mò ń ba ẹ̀rọ náà jẹ́. Ní ti ewu, ó ní ohun rere tirẹ̀. Èyí tó dára, ọmọdé ò lè ṣàdédé ṣí i. Ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tó yí i. Kẹ́tùlù ní wáyà tí ọmọ lè fà, ìkòkò omi sì lè dojú dé. Èyí tí mò ń bẹ̀rù jù ní ilé wa ni garawa omi híhó tí à ń gbé láti ilé ìdáná lọ sí balùwẹ̀. Omi tó jẹ́ 60°C lásán lè bó àgbà lára láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ká má tíì sọ ti ọmọ ọwọ́. Torí náà, ẹ jọ̀ọ́, omi tútù ni kẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ bù sí garawa, kẹ́ ẹ tó da gbígbóná lé e. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé omi gbígbóná dà sí ẹnìkan lára, omi tútù tó ń ṣàn ni kẹ́ ẹ fi ojú ibẹ̀ sí fún 20 ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má fi epo pupa, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i. Ó ń há ooru mọ́ ara ni, ó sì ń kó ìdọ̀tí bá egbò.

Lẹ́yìn tí mo ti kó gbogbo èyí jọ, a jókòó lálẹ́ ọjọ́ Sunday kan, èmi, ìyàwó mi, màmá àti àkọ́bí wa. Mo ka ìṣirò mi fún wọn, mo ní ó dà bíi pé ká kọ̀ ọ́. Ìyàwó mi fetí sílẹ̀ títí mo fi parí. Ó wá ní, "Dádì, ẹ ti ṣírò iná, ẹ ti ṣírò omi, ẹ tiẹ̀ ṣírò gíga òpó. Bí a bá kọ̀ ọ́, ta ló máa máa gbé omi kaná?"

Ilé pa lọ́lọ́. Ìbéèrè gidi ni. Kí èèyàn kọ nǹkan náà ní owó tirẹ̀, ẹnìkan ló sì máa ń san án. Ní ọ̀pọ̀ ilé wa, ẹni náà kì í ṣe ẹni tó sọ pé rárá.

Mo wá rántí Èlíṣà. Nígbà tí àwọn ọba mẹ́ta ń wá wòlíì tó lè bá wọn béèrè lọ́dọ̀ Ọlọ́run nínú aginjù, wọn ò fi iṣẹ́ ìyanu júwe rẹ̀ fún wọn. Ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n ni pé òun ló máa ń bu omi fún Èlíjà fọwọ́. Ọkùnrin ni, ẹni Ọlọ́run ni, iṣẹ́ omi sì ni wọ́n fi dá a mọ̀. Ṣé èmi wá ju Èlíṣà lọ?

Ibi tí a fẹnu ọ̀rọ̀ jóná sí nìyí. A ò ní gbé táàpù náà sílé ní báyìí. Omi òwúrọ̀ di tèmi, omi alẹ́ di ti àkọ́bí wa, ti ọ̀sán nìkan ló kù fún ìyàwó mi. Ẹ rántí pé fúláàsì ńlá ni tánkì abẹ́ síńkì yẹn. A lọ sọ́jà, a ra fúláàsì tí wọ́n máa ń tẹ orí rẹ̀, tí omi á sì tú jáde láìgbé e. A gbé e ka tábìlì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá màmá. Àkọ́bí wa á kún un ní aago mẹ́wàá alẹ́, omi náà ṣì máa ń gbóná dáadáa ní aago márùn-ún. Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, gbígbọ̀n ọwọ́ ò dí wọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì mo béèrè bó ṣe rí. Wọ́n ní, "Mi ò jí ẹnikẹ́ni." Ó tó mi.

A kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun. A ní bí ọkàn wọn bá ṣì wà lórí ẹ̀bùn náà, kí wọ́n bá wa fi owó rẹ̀ ra àsẹ́ ìrin fún borehole ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí gbogbo àdúgbò ti ń pọn omi. Wọ́n ní àwọn á rò ó. Ẹ bá wa fi sádùúrà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò irú ẹ̀rọ yìí, mi ò ní kẹ́ ẹ má rà á. Bí omi yín bá mọ́, bí agbára rẹ̀ bá tó, bẹ́ ẹ bá sì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, ó lè sọ ẹrù kalẹ̀ lórí ẹnìkan nílé yín. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé omi kaná. Òun ló mọ iye rẹ̀ jù.