Ẹ Má Dín Ọjọ́ Orí Ọmọ Kù

Kò sí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ní bọ́ọ̀lù n'Ìbàdàn tí wọn kò tíì bi ní ìbéèrè yìí rí: "Kóòṣì, ọmọ ọdún mélòó ni ká kọ?" Kì í ṣe pé òbí gbàgbé ọjọ́ tó bímọ. Iye ọdún tó máa tà lọ́jà ló ń béèrè. Ìbéèrè yẹn gan-an ló jẹ́ kí n mọ iṣẹ́ tí mo wá ṣe lórí pápá, torí èsì tí mo bá fún wọn ni yóò fi hàn bóyá akọ́nimọ̀ọ́gbá ni mí tàbí alágbàtà.

Pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan la ti ń gbá a nírọ̀lẹ́ Sátidé. Mẹ́rin-mẹ́rin ni mo máa ń pín àwọn ọmọ sí, pẹ̀lú mọ́ńkì póòsì níhìn-ín lọ́hùn-ún, nítorí bí a bá da gbogbo wọn sórí pápá ńlá, ọmọ tó lágbára nìkan ni yóò máa rí bọ́ọ̀lù gbá. Ọmọ kan wà láàrin wọn tó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ òsì, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Bí bọ́ọ̀lù bá ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, bọ́ọ̀lù nìkan ló máa ń tẹjú mọ́. Mo wá ń dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo ń na ìka sókè. Kí bọ́ọ̀lù tó kàn án lẹ́sẹ̀, ó gbọ́dọ̀ bojú wẹ̀yìn kó pariwo iye ìka tí mo nà. "Mẹ́ta!" "Ẹyọ kan!" Nígbà míì, yóò ka ìka tán, bọ́ọ̀lù á ti gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, àwọn yòókù á bú sẹ́rìn-ín. Kí òjò ọdún náà tó dá, kò nílò ìka mi mọ́. Bọ́ọ̀lù kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó ti mọ ẹni tó wà lẹ́yìn òun àti ibi tí àyè wà. Ayọ̀ tí mo yọ̀ lọ́jọ́ náà ju ti ife ẹ̀yẹ lọ.

Ọmọ yìí kan náà la mú lọ síbi ìdíje àwọn tí kò ju ọmọ ọdún 15 lọ. Àwọn tí wọ́n kó wá pàdé wa, irùngbọ̀n wà lágbọ̀n àwọn kan nínú wọn. Bí ọmọ náà bá ti bojú wẹ̀yìn tó rí àyè, èjìká àgbàlagbà ló ń bá pàdé níbẹ̀. Ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú. Ohun tó ń dùn mí nínú dídín ọjọ́ orí kù nìyẹn: ọmọ tó jẹ́ ọmọ lóòótọ́ ni wọ́n ń lé kúrò nínú eré ọmọdé. Ọ̀pọ̀ wọn á padà sílé, wọ́n á gbà pé àwọn ò mọ bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Nàìjíríà ti gba ife àgbáyé àwọn ọmọdé, èyí tó bẹ̀rẹ̀ bíi ti ọmọ ọdún 16 kó tó di ti ọmọ ọdún 17: ní 1985, 1993, 2007, 2013 àti 2015. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tó gbà á tó bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ọkùnrin wa ńkọ́? Wọn kò tíì kọjá ìpele ikọ̀ 16 nínú ife àgbáyé rí. Mi ò sọ pé ọjọ́ orí nìkan ló fà á; àìsí pápá gidi wà níbẹ̀, àìsí owó náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìwé pè ní ọmọ ọdún 16 tó sì ti lé lógún ọdún, ibo ló tún kù tó fẹ́ dàgbà dé? Láti 2009, ọdún tí àwa fúnra wa gbàlejò ìdíje náà, ni FIFA ti ń fi ẹ̀rọ MRI wo egungun ọrùn ọwọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù yìí, láti mọ̀ bóyá ọjọ́ orí wọn ti kọjá ti ìdíje náà.

Ọkùnrin kan mú ọmọ àbúrò rẹ̀ wá bá mi. Ó ní, "Kóòṣì, ẹ ṣáà bá wa kọ 11. Ẹ wo bó ṣe kéré, ta ló máa mọ̀?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọdún 14 lọmọ yìí ti lò láyé. Èwo nínú rẹ̀ lẹ fẹ́ ká dà nù?" Kò dáhùn. Ọmọ náà wà níbẹ̀, ó ń gbọ́ wa. Bí ìwé bá ní ọmọ ọdún 11 ni, yóò padà sí pírámárì, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń múra ìdánwò JSS3. Ọdún tí wọ́n sì fẹ́ gé yẹn gan-an ni ọmọ fi ń kọ́ bọ́ọ̀lù. Òfin FIFA pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀: bí ẹgbẹ́ kan bá ra agbábọ́ọ̀lù láti ilẹ̀ òkèèrè, ìdá 5 nínú 100 owó náà jẹ́ ti àwọn tó kọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 títí dé 23.

Mo máa ń rántí Bàbá Adégbóyè Onígbìndé, ọmọ Mọdákẹ́kẹ́, tó kó ikọ̀ Nàìjíríà dé àṣekágbá ife Áfíríkà ní 1984, tó tún kó wọn lọ sí ife àgbáyé ní 2002. Olùkọ́ ilé ìwé ni wọ́n kí wọ́n tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Sùúrù olùkọ́ ni mo fẹ́ jogún, torí olùkọ́ kì í ti ọmọ jáde ní kíláàsì nítorí pé yóò pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n.

Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ mi kò ní fi bọ́ọ̀lù jẹun, mo mọ̀. Ọ̀kan nínú wọn kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Nígbà tó ṣe fúrídọ́ọ̀mù, ó ránṣẹ́ pè mí, ó ní kí n wá jókòó láàrin àwọn ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n bi í pé kí ni mo kọ́ ọ. Ó ní, "Àwọn ni wọn ò jẹ́ kí n parọ́ ọjọ́ orí mi." Láti ọjọ́ náà, mi ò wá ìdí mìíràn tí mo fi ń lọ sórí pápá mọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ mú ọmọ yín wá, ọkùnrin àti obìnrin. Bí kò bá ní bàtà, ẹ mú un wá bẹ́ẹ̀. Ìwé ìbí rẹ̀ gangan ni kẹ́ ẹ mú dání. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lọ búra ọjọ́ orí tuntun fún un ní kóòtù.