Ìlà Ọ̀pẹ ní Pobè

Pobè, ilẹ̀ Benin

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ìdírókò ni mo gbà wọ Igolo, mo sùn ní Sakété, mo sì ti wà ní Pobè báyìí. Èdè Nàgó ibí kò ṣàjèjì sí mi rárá, àfi tí wọ́n bá ń ka owó ní sẹ́fà. Epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń pè ní kpayo wà nínú ìgò lẹ́bàá títì káàkiri. Epo Nàìjíríà tiwa náà ni.

Ẹ ní kí n ṣàlàyé ohun tí mo ń kà lọ́wọ́, ìyẹn quantum dot. Èérún kírísítàlì ni, ìbú rẹ̀ kò ju nánómítà díẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ mílíọ̀nù kan nánómítà ló wà nínú mìlímítà kan. Èyí tó kéré jù a máa tàn bíi búlúù, èyí tó tóbi díẹ̀ a sì máa tàn pupa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun kan náà ni wọ́n fi ṣe méjèèjì. Yekimov, Brus àti Bawendi gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2023. Ó ti wà nínú tẹlifíṣọ̀n.

Àwọ̀ yìí kọ́ ló gbà mí lọ́kàn. Ìmọ́lẹ̀ a máa mì bó ti ń lọ, ti oòrùn sì ń mì sí gbogbo ìhà. Ẹ wọ awò oòrùn tí kì í jẹ́ kí omi kọ mọ̀nà sí ènìyàn lójú, kí ẹ wo fóònù, kí ẹ wá máa yí fóònù náà díẹ̀díẹ̀: ojú rẹ̀ lè ṣókùnkùn lójijì, torí ìhà kan ṣoṣo ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń mì sí. Kí tẹlifíṣọ̀n LCD tó rí irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ní láti sẹ́ ẹ, nǹkan bí ìdajì sì ń ṣòfò síbẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá dot tí yóò yan ìhà fúnra rẹ̀. Ní 2001, Alivisatos àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berkeley fi hàn pé tí èérún náà bá gùn bí ọ̀pá, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a máa mì tẹ̀lé gígùn ọ̀pá náà.

Ọ̀nà kejì ló wù mí jù, ọ̀pẹ Pobè ló sì là mí lójú sí i. Láti ayé ìjọba Faransé ni wọ́n ti ń ṣèwádìí ọ̀pẹ níbí. Ìlànà gbígbìn rẹ̀ ni pé kí igi mẹ́ta di igun mẹ́ta tó dọ́gba, mítà 9 láàárín ara wọn, 143 lórí hẹ́kítà kan. Tí ọ̀kadà bá gbé yín kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú oko bẹ́ẹ̀, ojú ọ̀nà gbọọrọ á ṣí, á pa dé, òmíràn á tún ṣí. Nínú igbó Pobè, igi ń dí igi ni.

Ọ̀nà kejì náà rèé: kírísítàlì kan wà tí wọ́n fi gallium, indium àti phosphorus ṣe. Èrò ni pé gallium àti indium yóò dà pọ̀ bí igbó. Ṣùgbọ́n ní 1988, Gomyo, Suzuki àti ẹlẹgbẹ́ wọn ní Japan fi hàn pé wọ́n ń to ara wọn ní ìpele-ìpele, ọ̀kan fún gallium, ọ̀kan fún indium, láìsí ẹni tó na okùn fún wọn. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a sún díẹ̀ sí pupa, mìmì rẹ̀ a sì fẹ́ láti tẹ̀lé ojú àwọn ìpele náà ju kó gún wọn lọ. Dot tó bá wà nínú irú kírísítàlì bẹ́ẹ̀ lè jogún ìwà yẹn.

Àmọ́ ibi tí ọ̀pẹ ti jìnnà sí i nìyí: ìhà mẹ́ta tó dọ́gba ni ìlà ọ̀pẹ ní, ìdọ́gba yẹn ì bá sì sọ gbogbo rẹ̀ dòfo. Kírísítàlì ní ìhà mẹ́rin tó lè mú. Apá kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ń mú ọ̀kan. Tí apá kan bá mú èyí, tí apá kejì mú òmíràn, wọ́n a dín agbára ara wọn kù. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn tó ń mú un hù ti ń le.

Lọ́la, mò ń lọ sí Dangbo, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣirò àti físíìsì IMSP wà. Ẹ bá mi kí ìyá wa.

Èmi ni àbúrò yín.