Ìwé Òfin Hywel àti Àpótí Lẹ́tà Gwydir

Ilé Ìkówèésí Àpapọ̀ ilẹ̀ Wales wà lórí òkè ní Aberystwyth, ó kọjú sí òkun. Lára àwọn ìwé tó wà níbẹ̀ ni ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Peniarth 28. Awọ ẹran tí wọ́n fá, tí wọ́n nà, tí wọ́n sá gbẹ, ni ojú ewé rẹ̀. Èdè Látìn ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì ti lé ní 750 ọdún. Ìwé òfin ni, síbẹ̀ àwòrán wà nínú rẹ̀: ọba lórí ìtẹ́, adájọ́ tó gbé ìwé dání, olùtọ́jú àwòdì ọba pẹ̀lú ẹyẹ rẹ̀. Àwòrán kéékèèké ni wọ́n, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn wọn ju ọ̀pọ̀ àwòrán ńláńlá tí wọ́n gbé kọ́ sí ààfin lọ, nítorí wọ́n ń rán ni létí pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni òfin ń bá wí.

Orúkọ Hywel ni wọ́n fi ń pe òfin náà. Ọba ni, wọ́n sì fi Dda, ìyẹn Ẹni Rere, kún orúkọ rẹ̀. Ó rìnrìn àjò ẹ̀sìn lọ sí Róòmù ní 928, ó sì papò dà ní nǹkan bí 950. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú inú àwọn ìwé òfin wọ̀nyí sọ pé ó pe àwọn ọlọ́gbọ́n láti gbogbo agbègbè ìjọba rẹ̀ jọ sí Whitland ní àkókò Lẹ́ńtì, pẹ̀lú àwọn àlùfáà, kí wọ́n jọ yẹ òfin àwọn baba wọn wò. Èyí tó dára, kí ó dúró. Èyí tó kù díẹ̀ káàtó, kí wọ́n tún un ṣe. Kò sí ìwé òfin kankan tó kù láti ìgbà ayé Hywel fúnra rẹ̀. Nǹkan bí 1250 ni wọ́n kọ èyí tó pẹ́ jù lọ nínú àwọn tó wà nílẹ̀, ìyẹn nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn tí Hywel ti wọ ilẹ̀ lọ. Kí ló dé tí àwọn amòfin ìgbà yẹn fi tẹnu mọ́ Róòmù, Lẹ́ńtì àti àlùfáà tó bẹ́ẹ̀? Nítorí pé ilé ń jó ni. Àwọn olórí ìjọ ń gbógun ti òfin náà. Ní 1282, ọdún tí Edward Kìíní ọba Gẹ̀ẹ́sì kó ogun wọ Wales, John Peckham, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, kọ̀wé sí Llywelyn, olórí àwọn ará Wales, ó ní ọwọ́ Sàtánì wà nínú òfin Hywel. Nígbà tí wọ́n bá ń bú òfin ilé ẹni báyìí, orúkọ baba ńlá là ń pè.

Ogún wà lára ohun tó ń bí àwọn olórí ìjọ nínú. Lábẹ́ òfin Hywel, gbogbo ọmọkùnrin ló ń pín ilẹ̀ baba wọn dọ́gba. Bí baba bá ti jẹ́wọ́ ọmọ pé tòun ni, ìpín tirẹ̀ kò dín, ì báà má jẹ́ pé ìyàwó ilé ló bí i. Àbíkẹ́yìn ni yóò pín ilẹ̀ náà, àgbà wọn ni yóò kọ́kọ́ mú. Mo ti jókòó níbi ìpín ogún lọ́dọ̀ tiwa, èyí tí wọ́n pín ní ìdí igi àti èyí tí wọ́n pín ní orí-ò-jorí, mo sì ti rí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹni tó ń pín bá tún jẹ́ ẹni tó ń kọ́kọ́ mú. Ẹni tó gbé òfin yẹn kalẹ̀ mọ ọmọ aráyé dénú.

Ti ìgbéyàwó tún wà níbẹ̀. Bí tọkọtaya bá ti gbé pọ̀ fún ọdún méje kí wọ́n tó kọ ara wọn, ìdajì ẹrù ilé ni ti obìnrin. Àwọn amòfin kò fi ìdajì yẹn sílẹ̀ fún ẹnu lásán, wọ́n kà á lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹlẹ́dẹ̀ fún ọkọ, àgùntàn fún ìyàwó, nínú àwọn ọmọkùnrin, àkọ́bí àti àbíkẹ́yìn á tẹ̀lé baba, ti àárín á tẹ̀lé ìyá.

Bí ènìyàn bá sì pa ènìyàn, owó ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní galanas kì í ṣe ti apànìyàn nìkan. Nínú èyí tó kan àwọn ẹbí láti san, ìhà baba á san ìdá méjì nínú mẹ́ta, ìhà ìyá á san ìdá kan tó kù. Ẹ wo bí olúkúlùkù yóò ti máa ṣọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí inú máa ń tètè bí!

Kò sí ohun tí wọn kò fi iye sí. Ọmọ ológbò tí kò tíì lajú, pẹ́nì kan. Bó bá lajú tí kò tíì pa eku, pẹ́nì méjì. Ìgbà tó bá ti ń pa eku, ó di pẹ́nì mẹ́rin. Bí ẹnìkan bá pa ológbò tó ń ṣọ́ àká ọba, wọn á di ìrù òkú ológbò náà mú sókè, wọn á jẹ́ kí orí rẹ̀ kan ilẹ̀ tó mọ́ tó tẹ́, ẹni tó pa á á sì máa da àlìkámà lé e títí ọkà yóò fi bo ṣóńṣó ìrù. Ọ̀pọ̀ tó ń ka ibí yìí máa ń rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín. Àká ni oúnjẹ gbogbo ààfin wà, eku ló ń jẹ àká run, ọkà tí wọ́n fi bo ológbò sì ni ọkà tí eku ì bá jẹ. Ìdájọ́ tó mọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí ènìyàn ṣe ni òfin máa ń sọ. Ẹni tó bá ka ìwé Hywel nìkan lè rò pé ìran kan gbé ayé níbi tí àbíkẹ́yìn ti ń pín tí àgbà ń mú, tí ìjà kò sì sí. Kí a tó lè mọ bí ayé náà ti rí lóòótọ́, ó di dandan kí a kọjá sí Gwydir.

Ilé ńlá kan ni Gwydir, nítòsí Llanrwst ní àfonífojì odò Conwy, níhà àríwá. Sir John Wynn, tí wọ́n bí ní 1553 tó sì kú ní 1627, ló ni ín. Ó kọ ìtàn ìdílé rẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ kò di ìwé títẹ̀ títí di 1770. Nínú rẹ̀ ló ti sọ̀rọ̀ Maredudd ab Ieuan, baba ńlá rẹ̀, tó kó kúrò ní Eifionydd, ilẹ̀ ìbí rẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ ìyá àti ọmọ baba ibẹ̀ ń pa ara wọn. Maredudd rí i pé bí òun bá dúró, àfi kí òun pa ẹ̀jẹ̀ ara òun tàbí kí wọ́n pa òun. Ó yàn láti lọ gbé láàárín àwọn olè àti ìsáǹsá ní Dolwyddelan. Bó bá fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, a ti ilẹ̀kùn ilé pinpin, a fi àwọn ọkùnrin ṣọ́ ọ, a tún fi ẹnìkan sórí àpáta kan láti máa wo ọ̀nà títí ìsìn yóò fi parí. Sir John kò fi bò pé pípín ilẹ̀ láti ìran dé ìran ló sọ àwọn ìdílé ńlá di olóko kéékèèké. Òfin tó mọ ọmọ aráyé dénú náà ni, èso tó so sì nìyẹn pẹ̀lú.

Ìgbà tí Sir John yóò fi dáyé, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti pa òfin Hywel tì. Láti 1284 ni wọ́n ti gba ẹjọ́ ìpànìyàn àti olè kúrò lábẹ́ rẹ̀. Òfin 1536 àti 1543 ló pa ìyókù rẹ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló sì di èdè kóòtù. Obìnrin tí òfin ilẹ̀ rẹ̀ ti ka àgùntàn fún tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí ẹrù ọwọ́ rẹ̀ di ti ọkọ ní ọjọ́ tó bá ti lọ́kọ. Ó máa ń dùn mí tí àwọn òpìtàn kan bá pe èyí ní ìlàjú.

Àwọn lẹ́tà àti ìwé Gwydir tó kù bẹ̀rẹ̀ láti 1515, wọ́n sì dé 1690. Wọ́n lé ní 2,000, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀rọ̀ owó ilé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, ti ẹjọ́ ilẹ̀, ti ọmọ tó lọ sí òkè òkun. Àkọ́bí Sir John, tóun náà ń jẹ́ John, kú sí Lucca ní Ítálì ní 1614. Ní 1625, bàbá àgbà náà kọ̀wé sí Sir Hugh Myddelton, ọmọ Wales tó fa omi wọ Lọ́ńdọ̀nù, pé kó wá bá òun gba ilẹ̀ Traeth Mawr lọ́wọ́ òkun. Myddelton dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ọjọ́ ogbó ti dé. Sir John fúnra rẹ̀ ti lé ní àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ ó ń wá bí yóò ti lé òkun padà. Ó di 1811 kí William Madocks tó parí odi tó lé òkun kúrò níbẹ̀.

Lẹ́tà tí mo kà sí ọba wọn ni èyí tó jáde láàárín Sir John àti William Morgan. Morgan ni ó túmọ̀ odindi Bíbélì sí èdè Wales ní 1588. Ilé kan lórí ilẹ̀ Gwydir ni wọ́n ti bí i. Nígbà tó di bíṣọ́ọ̀bù St Asaph, Sir John bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ìdámẹ́wàá ìjọ Llanrwst sí ọwọ́ òun. Morgan kọ̀. Ó ní ẹ̀rí ọkàn òun kò jẹ́ kí òun mú ohun tí oníwàásù yóò jẹ kúrò nínú ìjọ. Sir John bínú, ó ka oore tí ilé rẹ̀ ti ṣe fún un sí i létí, ó pè é ní aláìmoore. Morgan kò yẹsẹ̀, ó sì kú ní 1604 láìní ọrọ̀. Èwo nínú ìwé òfin ló lè fi irú èyí hàn wá? Ọlọ́lá kan rò pé oore ayé àtijọ́ ṣì jẹ́ gbèsè. Ọmọ ẹni tó gbé lórí ilẹ̀ rẹ̀ ti rí ọ̀gá mìíràn.

Àwọn onílé Gwydir kò tọ́jú lẹ́tà wọn nítorí tiwa. Ẹni tó ní ilẹ̀ púpọ̀ ní ẹjọ́ púpọ̀, ìwé àná sì lè di ẹ̀rí ọ̀la. Ti ìwé òfin yàtọ̀. Nígbà tí kò sí kóòtù tó tún bèèrè wọn mọ́, ìfẹ́ nìkan ló lè pa wọ́n mọ́. Robert Vaughan ti Hengwrt, nítòsí Dolgellau, fi ayé rẹ̀ kó wọn jọ títí ó fi kú ní 1667. John Jones ti Gellilyfdy ń da ìwé àtijọ́ kọ nínú ẹ̀wọ̀n Fleet ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí gbèsè gbé e dé. Ẹ rò ó wò: ẹni tí àwọn olówó tì mọ́lé ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ìwé orílẹ̀-èdè rẹ̀ mọ́! Láti Hengwrt, àwọn ìwé Vaughan bọ́ sí Peniarth ní 1859, lẹ́yìn náà Sir John Williams tó jẹ́ oníṣègùn rà wọ́n, wọ́n sì di ti ilé ìkówèésí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1907. Kì í ṣe gbogbo wọn ló rí irú àánú bẹ́ẹ̀ gbà. Iná jó ilé Wynnstay ní 1858, ọ̀pọ̀ ìwé àfọwọ́kọ sì jóná níbẹ̀.

Ìwé òfin kan tilẹ̀ sọdá òkun. Ìwé kékeré ni, irú èyí tí adájọ́ lè mú rìn láti abúlé kan dé òmíràn, ọgọ́rùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé ti Peniarth 28 ni wọ́n sì kọ ọ́. Àwọn ará Wales tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ló gbé e dání. Ó gbé ní Boston fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó gbé e wá sí gbàǹjo Sotheby's ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2012. Ilé ìkówèésí Aberystwyth san £541,250 kí ó má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Wọ́n ti gbé àwòrán ewé rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn tó lò ó kọ sí etí ìwé sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà wọ́n.