Kọ́ńpáàsì, GPS àti Afẹ́fẹ́ Ayé

Kọ́ńpáàsì ni ọ̀gá mi fi kọ́ mi ní iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ní Bantè, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n sì wé wáyà bàbà tín-ínrín mọ́ ìdí abẹ́rẹ́ rẹ̀, torí pé lọ́hùn-ún, orí abẹ́rẹ́ a máa tẹ̀ sísàlẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, ìdí ló ń tẹ̀, orí á wá máa ha gíláàsì. Ọ̀gá mi á ṣí i, wọ́n á fi èékánná sún wáyà náà títí abẹ́rẹ́ á fi dùbúlẹ̀, kí á tó wọ oko kajú. Agbedeméjì òòfà ayé gba apá àríwá Benin kọjá. Lókè Bantè àti Savalou, òòfà nà gbọọrọ bí okùn ìwọnlẹ̀.

Nígbà tí owó àjọ Millennium Challenge ti Amẹ́ríkà dé lẹ́yìn 2006, wọ́n gbé ẹ̀rọ GPS tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru kalẹ̀ ní ìlú méje, Savalou wà lára wọn. Kọ́ńpáàsì wọ àpótí. Òòfà kò fi wá sílẹ̀ ṣá o! Afẹ́fẹ́ òkè réré tí oòrùn ti fi iná mànàmáná sí lára ń gbéra sókè lójú ọ̀sán, yóò wá bá òòfà yọ̀ sọ̀kalẹ̀ sí àríwá àti gúúsù. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ihò á lu inú rẹ̀, ìṣirò GPS á máa fò, pàápàá lóṣù kẹta àti ìkẹsàn-án. Awọnlẹ̀ tó mọṣẹ́ ti palẹ̀ mọ́ kí oòrùn tó wọ̀.

Òòfà àti afẹ́fẹ́ yìí náà ló ń fa àríyànjiyàn mìíràn. Àwọn kan ní òòfà ni kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wa sá lọ, pé ìgbà tí pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì pàdánù tirẹ̀ ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ tán. Èmi ò gbà tán. Fẹ́núsì kò ní òòfà tirẹ̀, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ rẹ̀ wúwo tó ìlọ́po àádọ́rùn-ún tiwa. Ìwádìí kan ní 2018 ṣírò afẹ́fẹ́ tó ń jò lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan: Fẹ́núsì 0.5 kílò, Máàsì 0.7, ayé wa 1.4. Tiwa ló pọ̀ jù! Lókè orí wa, òòfà ń dá afẹ́fẹ́ padà. Ní ìpẹ̀kun ayé méjèèjì, ó dúró ṣánṣán, ó ṣílẹ̀kùn sí òfuurufú, ibẹ̀ ni ọ́síjìn ń gbà jáde.

Ẹ̀yin awọnlẹ̀ ọ̀dọ́, bí GPS yín bá ń fò lálẹ́, ẹ má pa àkọsílẹ̀ náà rẹ́: ihò inú afẹ́fẹ́ òkè ló ń fi hàn. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sí i, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ òfuurufú ní yunifásítì.