Kí La Fẹ́ Fi Yorùbá Ṣe?
Ìbéèrè yìí ti sú mi, ẹ̀yin ará ẹ̀ka wa, àmọ́ mo ti rí èsì kan. Ní 1982, Gary Hendrix dá Symantec sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Bí kọ̀ǹpútà ṣe lè gbọ́ èdè ènìyàn ni wọ́n ń wádìí, owó ìjọba ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún yẹn náà ni Ààrẹ Reagan fọwọ́ sí òfin SBIR, tó ní kí àwọn àjọ ìjọba ya owó ìwádìí sọ́tọ̀ fún iléeṣẹ́ kéékèèké, tí òṣìṣẹ́ wọn kò ju 500 lọ. Ìjọba kì í bá wọn pín iléeṣẹ́. Bí ìwádìí bá forí ṣánpọ́n, kì í di gbèsè. Ibẹ̀ ló wù mí jù. Báńkì wo níbí ló máa yá mi lówó kí n fi kọ́ kọ̀ǹpútà ní ìyàtọ̀ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀?